Àna Mi Kò Tíì Sọ̀rọ̀ Tán

Ariwo odó ló máa ń jí mi nílé wa, kì í ṣe àkùkọ. Ọ̀lẹ ni àkùkọ wa. Ó dìgbà tí oòrùn bá yọ tán kó tó rántí pé òun níṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti sọ ọmọ odó kalẹ̀ lápá ìhín àgbàlá, tí Ìyá Músá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sì dá a lóhùn lápá ọ̀hún, kò sẹ́ni tó tún lè sùn mọ́, títí kan àwọn ewúrẹ́. Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀nà ńlá tó ti Tchaourou lọ sí Parakou. A máa ń gbọ́ fèrè àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, a máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò, àti alùpùpù àwọn tó ń bọ̀ láti Bétérou pẹ̀lú iṣu tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn, àti ladáànì tó máa ń wú ikọ́ kó tó pe ìrun. Odó ló borí gbogbo wọn. Mo ti rìn jìnnà láti ìgbà náà, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, ewú sì ti ń yọ lórí mi, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ìró odó níbikíbi, ikùn mi á kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni olórí gbogbo ohun tó bá ti kan ẹnu nínú ilé náà, ìbáà jẹ́ oúnjẹ, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀. Orí àpótí kékeré kan ló máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa lọ káàkiri àgbàlá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ń dáhùn gbogbo ẹjọ́. Bí ìyàwó méjì bá ń jà nítorí okùn ìsáṣọ, á ní, "Ẹ jẹun ná." Bí ọmọ bá já bọ́ láti orí igi kájú tó ń ké tòò, á ní, "Jẹun ná." Nígbà tí àwọn àgbàlagbà kan wá láti Alafiarou nítorí ààlà oko, tí ojú wọn le koko, abọ́ iyán ló kọ́kọ́ gbé jáde sí wọn, kí wọ́n sì tó fọwọ́ tán, wọ́n ti ń bi bàbá mi léèrè irú iṣu tó gbìn. Nígbà náà mo rò pé ebi ló máa ń pa ìyá arúgbó yìí tọ̀sán-tòru. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọgbọ́n tó ń ta ni pé kí ènìyàn dúró díẹ̀ kó tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Akólòlò ni mí. N kò sọ pé mo jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Mo ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi dúnàádúrà kájú lórí tẹlifóònù gbọ́dọ̀ fi owó tó pọ̀ sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ka èyí sí nǹkan kan. Olúkúlùkù ló ń dúró de nǹkan nílé náà: a ń dúró de iṣu kó jinná, a ń dúró kí garawa kún nídìí pọ́m̀pù, a sì ń dúró de Ràfíátù kó sọ̀rọ̀ tán. Ìyá Músá á kàn máa lọ ata rẹ̀ lọ títí ọ̀rọ̀ mi á fi jáde. Tàtá Awáwù, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, tí kò tíì kúrò nílé, á gbé ojú sókè sí mi, á ní, "Máa bọ̀, mo wà níbí." Tàtá là ń pe obìnrin tó bá jù wá lọ, mo sì fẹ́ràn Tàtá Awáwù ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń fi èèpá ìdí ìkòkò pamọ́ fún mi, òun náà ló sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi ń pẹ́ nítorí pé ó ń wẹ̀, ó ń múra, kó tó jáde síta.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ìyọnu wà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní igi máńgòrò ńlá kan láàárín ọgbà, ó ní agogo tí wọ́n fi irin táyà ọkọ̀ ṣe, ó sì ní Sàlíù. Sàlíù ga ju gbogbo wa lọ, nítorí pé ó ti pẹ́ ní kíláàsì kan náà débi pé tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ lu ọmọ. Ẹnu àti ìka ló ń lò. Bí Mètírì, bẹ́ẹ̀ la ń pe olùkọ́ wa, bá ní kí n dìde kàwé Faransé, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá ti há sí mi lẹ́nu, Sàlíù á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu tábìlì láti ẹ̀yìn, kó-kó-kó. Àwọn méjì tó máa ń tẹ̀ lé e kiri á gbè é, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo kíláàsì á fi máa lù ú bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Mètírì á pariwo mọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́, èmi á tún bẹ̀rẹ̀, òjò náà á tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì lu agogo pé ká jáde lọ ṣeré, Sàlíù á wá dúró síwájú mi lábẹ́ máńgòrò, á na ọwọ́, á ní, "T-t-tàtá, k-k-kí lẹ gbé wá?" Á gba wàrà díndín tí ìyá mi dì fún mi, á jẹ ẹ́ níṣojú mi, á sì tún dúpẹ́ pẹ̀lú ikólòlò. Díẹ̀díẹ̀ mo pa ẹnu mi dé. Bí wọ́n bá pè mí, màá dìde, màá wo ilẹ̀, títí á fi sú Mètírì, tí yóò ní kí n jókòó. Kò sẹ́ni tó ń lu tábìlì nígbà tí mo bá dákẹ́, mo sì rò pé mo ti rí ọgbọ́n ta.

Ìdákẹ́ yìí ló fẹ́ lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé lọ́dún kan, Mètírì gun alùpùpù rẹ̀ wá sílé wa. Wọ́n fún un lóúnjẹ ná, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ fún bàbá mi pé ọ̀rọ̀ mi ti tojú sú òun. Mò ń kọ̀wé dáadáa, mo mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ohùn mi rí ní gbogbo ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ dírẹ́kítọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, fúnra rẹ̀ ló máa gbọ́ ìwé kíkà ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún yìí kí ìsinmi ńlá tó dé. Ẹni tí kò bá kà kò ní gòkè. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn líle, ó kàn jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan dúró sójú kan. "Bọ́n, ó dára," ó ní, "bí ó bá kà á, kó máa bá a lọ. Bí kò bá kà á, Tàtá Parakou ti ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbé ọmọ." Tàtá Parakou ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń ta aṣọ nínú ọjà níbẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wúwo bí àpò àgbàdo, mo sì mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá ti lọ gbé ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í padà sídìí ìwé mọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà tí mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé gan-an ni. Àwọn tí a jọ ń kà á ni n kò fẹ́ràn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fẹjọ́ Sàlíù sùn. Ìdí rẹ̀ ni pé Gàníyù, ẹ̀gbọ́n Sàlíù, ló fẹ́ fẹ́ Tàtá Awáwù. Àwọn àgbà ilé wọn ti wá tọrọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wọ̀, Tàtá Awáwù sì ti ń kọrin nídìí ààrò láìmọ̀ pé òun ń kọrin. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá fi lè la ẹnu, ìjà á bẹ́ sáàárín ilé méjèèjì, orin náà á sì dákẹ́. Mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára abọ́ ẹnikẹ́ni, ti rí i pé ọmọ tó gbé wàrà lọ sílé ẹ̀kọ́ ń jẹun bí alágbàṣe tó bá délé. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó bu iyán fún mi, ó ní kí n jẹun ná. Mo jẹ ẹ́ tán.

"Ta ló ń bá ọ jẹ wàrà rẹ?"

"S-s-s-Sàlíù."

"Sàlíù àbúrò Gàníyù?"

Mo mi orí. Mò ń retí pé kó pariwo. Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó wojú òkè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tó fi nǹkan pamọ́ sí. "Kò burú," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá ṣiṣẹ́ àna. Ìwọ ni kí o gbé oúnjẹ lọ."

Kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ ìyàwó. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn máa ń kó àwọn àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á wá kọ ebè iṣu fún àwọn àna rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń parí lọ. Agbára wọn la fi ń kọ ebè, ṣùgbọ́n ìwà wọn là ń wò. Àwọn ará ilé ọkọ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti ilé ìyàwó jáde, àní bó ṣe ọmọ ọwọ́ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nílé tiwa, Ìyá Àgbà tún ní òfin tirẹ̀ lórí èyí: ọmọbìnrin ilé ló máa gbé oúnjẹ kalẹ̀, á dúró, á kí wọn kú iṣẹ́, á sọ ohun tó wà nínú abọ́, á wá ní, "Ẹ bù ú jẹ." Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan abọ́. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tàbí tó sọ̀rọ̀ nígbà tí àna ń sọ̀rọ̀ á kọ poro kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ oko dé òpin rẹ̀. Múínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ fàà bí ẹni ń sáré kúrò nínú òjò. Mo lọ bẹ Ìyá Àgbà. "Ìyá Àgbà, M-m-mú..." N kò tíì pe orúkọ náà tán tó fi na ọwọ́ sí ìkòkò. "Jẹun ná," ó ní.

Ọjọ́ tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá. Láti àárọ̀ ni odó ti ń dún, ó dún débi pé àkùkọ pàápàá kò kọ rárá lọ́jọ́ náà. Ìyá mi se ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó fi ẹran ewúrẹ́ sí i, ó to wàrà lé e lórí. Mo gbé igbá iyán rù, Ìyá Músá gbé ìkòkò ọbẹ̀ tẹ̀ lé mi, a sì gba abẹ́ àwọn igi kájú lọ sí oko. Ní gbogbo ọ̀nà mò ń sọ ọ́ nínú mi: ẹ kú iṣẹ́, iyán nìyí, ọbẹ̀ nìyí, ẹ bù ú jẹ. Nínú mi kì í há. Nígbà tí a yọ sí etí oko, mo rí àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ilẹ̀ tútù, ẹ̀yìn wọn ń dán fún òógùn, mo sì rí Sàlíù pẹ̀lú ọkọ́ kékeré kan. Igbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé kò sẹ́ni tó pè é. Òkìkí iyán ilé wa ló gbọ́ tó fi tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé ilé wa ni o. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọmọdé pàápàá ń jẹ́ àna. Ó rò pé ó di ìgbà tí ènìyàn bá hu irùngbọ̀n tàbí tó gbọmọ pọ̀n.

Àwọn ọkùnrin náà rí wa, wọ́n sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ebè. Sàlíù nìkan ló dúró. Ó ń wò mí, ẹ̀rín sì ti wà létí ẹnu rẹ̀.

"Sàlíù," Gàníyù sọ láti orí ilẹ̀, láìgbé orí sókè, "àna rẹ wà lórí ìdúró, ìwọ náà sì dúró?"

"Àna wo? Ràfí mà nìyí! Kíláàsì kan náà la wà."

"Ta ń jẹ́ Ràfí?" Ìyá Músá dá a lóhùn. "Tàtá Ràfíátù lorúkọ àna rẹ. Dọ̀bálẹ̀, jọ̀wọ́, ilẹ̀ kò gbóná."

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Ìyá Músá, ó wo ìkòkò ọbẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ṣẹ́gun. Ó sùn sílẹ̀, imú rẹ̀ wọ inú ebè tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ kú ọ̀sán, Tàtá." Lọ́jọ́ náà kò kólòlò sí i.

Wọ́n jókòó yí oúnjẹ ká. Ó wá kan èmi. Mo la ẹnu. "Ẹ k-k-k-k..." Ó há. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tábìlì nínú orí mi, kó-kó-kó, ṣùgbọ́n kò sí tábìlì kankan nínú oko. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé kájú, ooru ń jáde lára iyán, àwọn ọkùnrin ńlá tí ebi ń pa sì gbé ojú sókè sí mi, kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó wo ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n dúró. "...kú iṣẹ́ o," mo ní. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ ṣeun o, àna wa." Sàlíù fi imú rẹ́rìn-ín. "Poro kan," Gàníyù wí, kò tilẹ̀ yíjú. Sàlíù tún ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ìdáhùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pa á lẹ́rìn-ín, n kò mọ̀. "Poro mìíràn." Lẹ́yìn ìyẹn, ó ká ètè rẹ̀ sínú, ó fi eyín mú un.

Mo wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì wá yé mi pé kò sẹ́ni tó lè kán mi lójú. Ní gbogbo ayé mi, n kò ní àkókò tó bẹ́ẹ̀ rí. Ara mi balẹ̀, inú mi dùn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i. "I-i-iyán nìyí. Ìyá mi ló gún un, p-p-pẹ̀lú Ìyá Músá. Iṣu náà, oko yìí ló ti wá, k-k-kì í ṣe ti ọjà." "Kì í ṣe ti ọjà," Ìyá Músá gbè é lẹ́yìn. "Ọ-ọ-ọbẹ̀ ẹ̀pà nìyí. Ẹ̀pà wà níbẹ̀. Ata wà níbẹ̀. A-a-a-alùbọ́sà wà níbẹ̀." Ọ̀rẹ́ ọkọ kan gbé ọwọ́ lé ikùn, ó di ojú. Mo pe iyọ̀, mo pe epo, mo pe ẹran, mo sọ irú ewúrẹ́ tó jẹ́ nígbà ayé rẹ̀ àti bó ṣe máa ń jẹ aṣọ tí a sá. Ìyá Músá ti yí ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wá dé orí wàrà. "W-w-wàrà náà wà níbẹ̀," mo ní, mo sì wo Sàlíù lójú. "O-o-o mọ bó ṣe máa ń dùn." Sàlíù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gàníyù wo èmi, ó wo àbúrò rẹ̀, ó tún wò mí. "Ẹ bù ú jẹ," mo ní, ìyẹn jáde láìhá rárá.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Gàníyù pe àbúrò rẹ̀ sí ìdí igi kájú kan. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé, Sàlíù ń fọwọ́ pa etí kan, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ poro rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún Ìyá Àgbà. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì ní kí n jẹun ná, mo sì jẹun.

Ọjọ́ tí a padà sílé ẹ̀kọ́, Sàlíù wá bá mi lábẹ́ máńgòrò bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró, ó wo ìdì oúnjẹ mi, ó wo ojú mi, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Ní kíláàsì, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì lu tábìlì mọ́ mi, òun ló gbá wọn lọ́wọ́. "Àna mi ni," ó ní, tìtìjú-tìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó di ènìyàn mímọ́ lọ́jọ́ kan. Ìka tó ti mọ tábìlì kò lè jókòó lásán, ó wá fojú sí Yéró, ọmọ Fúlàní kan tó máa ń pẹ́ dé nítorí pé ó ń da màlúù láàárọ̀. Bí Yéró bá ti wọlé, Sàlíù á dún bíi màlúù, gbogbo kíláàsì á dún tẹ̀ lé e, Yéró á sì fi ìwé bo ojú. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára. N kò ronú púpọ̀ kí n tó dìde.

"A-a-ará ilé wa ni."

"Yéró?" Sàlíù ya ẹnu. "Fúlàní ni, Ràfí! Báwo ló ṣe máa jẹ́ ará ilé yín?"

"B-b-bàbá rẹ̀ ló ń bá wa sin màlúù wa. Àgbàlá wa ni ìyá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé w-w-wàrà rẹ̀ wá. Lọ bi T-t-tọ́ntọ́n Gàníyù bóyá kì í ṣe àna rẹ."

Kò lọ bi Tọ́ntọ́n Gàníyù, bẹ́ẹ̀ là ń pe ọkùnrin tó bá jù wá lọ. Etí ara rẹ̀ ló fọwọ́ kàn, ó sì jókòó. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ ṣe yẹ̀yẹ́ fi wá bá mi, ó ní ìyá òun máa ń wá fa omi nídìí pọ́m̀pù wa, ṣé ìyẹn náà kò tó. Mo ní ó tó. Ẹlòmíràn ní bàbá òun àti bàbá mi jọ ń kírun nínú mọ́sáláásì kan náà. Mo ní ìyẹn náà tó. Ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ wá sọ pé òun kàn fẹ́ wà nínú ilé wa ni. Mo gbà á. "Ilé yín yìí kò kún ni?" Sàlíù bi mí lọ́jọ́ kan, inú sì ń bí i lóòótọ́. Mètírì, tó rí i pé ọmọ tó ga jù nínú kíláàsì ń kí àwọn ọmọ kéékèèké pé "ẹ kú àárọ̀, àna", bi wá ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù.

Tàtá Awáwù ṣègbéyàwó nígbà tí kájú ń pọ́n. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì jẹun yó, méjèèjì nígbà kan náà. Òjò tuntun bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ dírẹ́kítọ̀ sì dé. Tàtá Parakou ti ránṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé ọmọ ti ń rìn, pé ó ti nira jù láti máa lé e kiri, kí bàbá mi dá òun lóhùn. Bàbá mi ní ká jẹ́ kí n kàwé ná. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà fi wàrà méjì sínú ìdì mi dípò ẹyọ kan, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ará gúúsù ni dírẹ́kítọ̀, ó máa ń yára rìn, ó máa ń yára sọ̀rọ̀, ó sì ní kíláàsì púpọ̀ tó máa gbọ́ kí oòrùn tó mú. Ó pè mí. Mo dìde, mo ṣí ìwé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde, ìkejì jáde, ìkẹta há. Mo dúró dè é bí mo ti ṣe nínú oko. Ó ń bọ̀, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Dírẹ́kítọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bọ́n," ó ní, "jókòó. Ẹni tó kàn." Ọ̀rọ̀ mi padà sínú. Mo rí ọmọ Tàtá Parakou níwájú mi kedere, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí àga fà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn. Sàlíù ti dìde. Dírẹ́kítọ̀ yìí ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, ó sì ti bá Sàlíù wí rí débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá bá a bẹ̀bẹ̀.

"Dírẹ́kítọ̀, ẹ má bínú," ó ní. "Àna mi kò tíì sọ̀rọ̀ tán."

"Àna ta?"

"Àna mi ni, ọ̀gá. Kò tíì tán ni. Ẹ kàn dúró dè é díẹ̀, ó máa ń tán."

"Àna tèmi náà ni," Yéró sọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, òun tí kì í sọ̀rọ̀. N kò mọ bí ìyẹn ṣe jẹ́, òun gan-an kò sì mọ̀ ọ́n. Mètírì sún mọ́ dírẹ́kítọ̀, ó sọ nǹkan sí i létí. Dírẹ́kítọ̀ wo Sàlíù, ó wò mí, ó wo gbogbo kíláàsì, ó wá yọ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó sì jókòó sórí tábìlì iwájú. "Dákọ́ọ̀, mo ti gbà," ó ní. "Máa bọ̀." Bí Tàtá Awáwù ṣe máa ń wí gẹ́lẹ́. Mo kàwé náà dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ó pẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sórí páànù lóòótọ́, òjò Ọlọ́run, ó sì dá kí n tó parí. Nígbà tí mo jókòó, n kò ní ohun mìíràn lára ju ebi lọ. Tàtá Parakou rí ẹlòmíràn gbé ọmọ náà, èmi sì gòkè.

Lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí, wọ́n pe àwa òbí sípàdé nílé ẹ̀kọ́ náà, nítorí ọmọ mi tó kéré jù wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ kan ti fi tẹlifóònù ya fọ́tò ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń sunkún, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ kiri dé Tchatchou, ọmọ náà sì ti kọ̀, kò wá sílé ẹ̀kọ́ mọ́. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan náà, ó ti darúgbó, ó ṣì ń so. Àwọn kan ní kí wọ́n lu àwọn ọmọ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n lé wọn. Dírẹ́kítọ̀ tuntun, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ní òun máa kọ òfin sára ògiri. Mo dìde. "Ìmọ̀ràn t-t-tèmi ni pé k-k-k-k..." Ó há. Dírẹ́kítọ̀ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. "Kí a kọ lẹ́tà?" ó ní. "Kí a pe kọ́mítì?" Láti ẹ̀yìn, ọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, tí ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, tí ọmọ mẹ́ta rẹ̀ ń kàwé níbẹ̀, gbé ọwọ́ tí epo ẹ́ńjìnnì kùn sókè. Gbogbo àwa tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà mọ ohun tó máa sọ, a sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́.

"Dírẹ́kítọ̀, ẹ má bínú," Sàlíù wí. "Ẹ jẹ́ ká dúró."

Dírẹ́kítọ̀ náà jókòó. Ọ̀kan lára àwọn ìyàwó tuntun béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ní kó dákẹ́, wọ́n á sọ fún un nílé. Ẹnikẹ́ni kò wo tẹlifóònù rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé máńgòrò, mo sì dúró títí ọ̀rọ̀ náà fi wẹ̀, tó fi múra. "K-k-kí àwọn ọmọ náà jọ jẹun ná," mo ní, "àwọn tó ya fọ́tò àti ẹni tí wọ́n yà, n-n-nídìí abọ́ kan náà. Ẹni tí wọ́n yà ni kó gbé oúnjẹ kalẹ̀. K-k-kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó."

Wọ́n dúró dè mí, mo sì sọ ọ́ tán.